Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú àgbà, ẹ wá sọ ohun tójú yín rí: ti ìwé agogo 10 tí mo bá ní agogo 8

Ìyá Ìbejì, Leeds

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará mi. Ọdún kẹrin rèé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ òru nínú ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí. Ọ̀rọ̀ kan ti wà lọ́kàn mi tipẹ́. Mo fẹ́ sọ ọ́ lónìí, kí ẹ̀yin náà sọ tiyín.

Alẹ́ ọjọ́ Àìkú kan ni. Agogo 8 la gba iṣẹ́. Àwọn tó ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án ṣe handover fún wa, ìyẹn ni pé wọ́n sọ bí nǹkan ṣe wà kí wọ́n tó lọ, wọ́n ní kò séwu, gbogbo wọn wà dáadáa. Mo wọ yàrá màmá kan, ẹni ọdún 91, tí kò lè yí ara rẹ̀ padà lórí bẹ́ẹ̀dì, tí àrùn ìgbàgbé sì ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Wákàtí méjì-méjì ló yẹ kí wọ́n máa yí i, kí wọ́n sì máa kọ ọ́ sílẹ̀ sínú ìwé kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo gbé ìwé náà. Agogo 2, 4, 6, 8, wọ́n ti fọwọ́ sí gbogbo ẹ̀. Ojú mi wá bọ́ sí ìlà tó tẹ̀ lé e: agogo 10 alẹ́, “a yí i sí apá òsì.” Mo wo aago ara ògiri. 8:20 ló wà.

Mo pe ẹnìkejì mi, a jọ yí màmá. Ẹ̀yìn ló fi lélẹ̀, aṣọ abẹ́ rẹ̀ ti rin. Níbi egungun ìdí, ara ibẹ̀ ti pọ́n, ó tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọ kékeré. Mo fi ìka tẹ ibẹ̀, mo gbé ìka kúrò. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ṣì ń rìn níbẹ̀ dáadáa, ojú ibi tí ẹ tẹ̀ á kọ́kọ́ funfun ná kó tó tún pọ́n. Ti màmá kò funfun. Bó ṣe pọ́n náà ló dúró sí. Egbò ìdùbúlẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, kí awọ tó là rárá.

(Ẹ jẹ́ n fi èyí kún un, torí wọn kì í sábà kọ́ wa: lára aláwọ̀ dúdú bíi tiwa, ẹ lè má rí pípọ́n yẹn. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án, kí ẹ mọ̀ bóyá ibẹ̀ gbóná ju ìyókù ara lọ, tàbí ó le, tàbí ó ti rọ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n jù.)

Ẹni tó fọwọ́ sí ìwé náà, ọmọ Yorùbá ni. Àǹtí ni mò ń pè é. Òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi hoist, ẹ̀rọ tí a fi ń gbé ẹni tí kò lè dìde, gbé ènìyàn nígbà tí mo dé, òun ló sì fún mi ní kóòtù tí mo kọ́kọ́ fi la òtútù já. Mo bá a ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ti wọ kóòtù tiẹ̀, ó fẹ́ máa lọ. Mo ní, “Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, mo máa sọ fún nọ́ọ̀sì. Mi ò fẹ́ gba ẹ̀yìn yín sọ ọ́.” Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní ẹni mẹ́ta ló yẹ kó ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, àwọn méjì ni wọ́n wá. Ó ní, “Ìyá Ìbejì, má ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi. O mọ̀ pé ìgbọ̀wọ́ tí mo fi ń gbé ìlú yìí wà lọ́wọ́ wọn.”

Òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n màmá tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn kò lẹ́nu láti bẹ ẹnikẹ́ni. Mo lọ sọ ọ́. Nọ́ọ̀sì wá, ó ya fọ́tò ibẹ̀, ó sàmì sí i lórí àwòrán ara tí a máa ń lò, ó kọ ìwé ìṣẹ̀lẹ̀, wọ́n sì gbé màmá sórí bẹ́ẹ̀dì aláfẹ́fẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ibẹ̀ tó san. Oṣù méjì ni Àǹtí fi yan mí lódì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kàn mí gan-an ń bọ̀. Kò ju oṣù kan lọ lẹ́yìn náà tí àwọn CQC dé. Àwọn ni àjọ tó ń bójú tó ilé ìtọ́jú ní England láti 2009, wọn kì í sì í sọ tẹ́lẹ̀ pé àwọn ń bọ̀. Agogo 6:30 àárọ̀, a ò tíì jáde iṣẹ́, aago ẹnu ọ̀nà dún, obìnrin méjì dúró pẹ̀lú káàdì lọ́rùn. Ọ̀kan ń yí ilé ká. Ó wo omi ilé ìwẹ̀ bóyá kò gbóná ju ìwọ̀n 44 Celsius lọ, torí ara àgbà á ti bó kí ó tó pariwo. Ó ti fèrèsé òkè síta, kò ṣí ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ. Ó béèrè ìwé àyẹ̀wò hoist, èyí tí òfin ní kí ẹni tó mọṣẹ́ yẹ̀ wò ní oṣù mẹ́fà-mẹ́fà. Gbogbo ìyẹn pé. Ara mànéjà ti balẹ̀.

Èkejì jókòó sí yàrá ìjẹun pẹ̀lú àwọn ìwé òru wa. Ó ránṣẹ́ pè mí. Ẹ̀yin mélòó lẹ wà lókè lóru? Mo ní, àwa méjì. Ènìyàn mélòó ló jẹ́ pé ẹni méjì ló gbọ́dọ̀ yí wọn? Mo ní, mẹ́sàn-án. Ó tẹ́ ìwé mẹ́sẹ̀ẹ̀sán sórí tábìlì ní ìlà, ó ń fi ìdí bírò tọ́ ìlà kan náà lórí gbogbo wọn: 02:00, 02:00, 02:00, títí dé èyí tó gbẹ̀yìn. Kò jágbe. Ó kàn ní, “Báwo lẹ ṣe wà ní yàrá mẹ́sàn-án lẹ́ẹ̀kan náà?”

Ìfọwọ́sí tèmi ló wà níbẹ̀.

Ọlọ́run mọ̀ pé mi ò kọ ohun tí mi ò ṣe. Mo yí wọn. Ṣùgbọ́n a bẹ̀rẹ̀ ní 1:40, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 3:15 ká tó dé ọ̀dọ̀ ẹni kẹsàn-án. 02:00 ni mo ń kọ, torí bí mo ṣe bá wọn tí wọ́n ń kọ ọ́ nìyẹn. Ọjọ́ yẹn ni mo rí ohun tí a ti ń ṣe. Ìwé wa tó gún régé yẹn ló ń bá ilé iṣẹ́ bo àìtó ènìyàn mọ́lẹ̀. Ká ní a ti ń kọ 3:15 láti ọjọ́ yìí ni, ẹnikẹ́ni tó bá kà á ì bá ti rí i pé ẹni méjì kò lè ṣe iṣẹ́ náà. Àǹtí kọ agogo 10 ní agogo 8, èmi kọ agogo 2 ní agogo 3. Àwa méjèèjì la jọ pa á mọ́.

Nígbà tí ìròyìn wọn jáde, wọ́n ní ilé wa nílò àtúnṣe: ti ààbò kò dára tó, ti àkọsílẹ̀ kò dára tó. Dandan ni kí wọ́n lẹ èsì yẹn mọ́ ibi tí àlejò á ti rí i, wọ́n sì lẹ̀ ẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn náà, a di ẹni mẹ́ta lóru.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ńkọ́?

Akọ́bí Bàbá, Peckham

Ìyá Ìbejì, ẹ ṣeun. Èmi kì í ṣe òṣìṣẹ́, bàbá mi ló wà níbẹ̀. Ọdún 1968 ni wọ́n dé London, wọ́n wa bọ́ọ̀sì títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, Gẹ̀ẹ́sì wọn já geere. Nígbà tí àrùn ìgbàgbé dé, Gẹ̀ẹ́sì ló kọ́kọ́ bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Yorùbá ló kù.

Ilé ìtọ́jú kọ sínú ìwé wọn pé bàbá máa ń pariwo lóru, wọ́n máa ń ti òṣìṣẹ́. Wọ́n ti ń sọ ọ́ pé kí dókítà fún wọn ní oògùn tó máa mú ara wọn wálẹ̀. Lóru ọjọ́ kan, bàbá ṣubú lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwẹ̀, ọrùn ọwọ́ wọn kán. Ọjọ́ tí wọ́n ti ọsibítù dé, mo ní mi ò lọ sílé, orí àga ni mo sùn. Tó bá di agogo 3, bàbá jí. Wọ́n ní, “Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ tọ̀.” Wọ́n tún un sọ. Nígbà kẹta, wọ́n ti ń kígbe. Ọmọbìnrin Filipino kan tó wà lẹ́nu iṣẹ́ sáré wọlé, ó rọra dá wọn padà sórí ìrọ̀rí, ẹ̀rù ń bà á kí wọ́n má tún ṣubú. Bàbá tì í dànù. Ẹ wò ó ná: ìtọ̀ ń gbọ̀n yín, ẹnìkan wá ń ní kí ẹ padà lọ sùn.

Ilẹ̀ mọ́, mo kọ ọ̀rọ̀ mẹ́fà sórí páálí: omi, ìtọ̀, ìgbẹ́, ó ń dùn mí, òtútù ń mú mi, ẹ ṣé. Mo kọ ìtumọ̀ wọn sí ẹ̀gbẹ́. Mo ní kí mànéjà fi wọ́n sínú ètò ìtọ́jú bàbá gan-an, kì í ṣe lára ògiri nìkan, torí òfin ọdún 2014 tí wọ́n fi ń yẹ̀ wọ́n wò sọ ọ́ pé ìtọ́jú gbọ́dọ̀ bá ẹni tí wọ́n ń tọ́jú mu. Wọn ò fún bàbá ní oògùn kankan. Ọmọbìnrin yẹn náà, bó bá ti wọlé báyìí, “Bàbá, ìtọ̀?” ló máa ń kọ́kọ́ bi wọ́n.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Glasgow

Ní Scotland tiwa, Care Inspectorate là ń pe àjọ tó ń yẹ ilé ìtọ́jú wò. Lágbègbè ibí, ta ló gbàgbé ilé ìtọ́jú Rosepark ní Uddingston, 31 January 2004? Inú kọ́bọ́ọ̀dù kan ni iná ti ṣẹ́ láàárọ̀ kùtù, àgbàlagbà 14 ló bá a lọ. Ilẹ̀kùn yàrá púpọ̀ ló wà ní ṣíṣí tí èéfín fi ráyè wọlé, wọn ò sì tètè pe àwọn panápaná.

Níbi iṣẹ́ mi, bàbá kan kì í fẹ́ kí a ti ilẹ̀kùn, àyà rẹ̀ máa ń já bó bá dá wà. A wá ń fi igi há ilẹ̀kùn fún un. Àánú la fi ń ṣe é! Ọjọ́ tí mo ka ti Rosepark tán ni mo yọ igi yẹn. Mo bẹ̀ wọ́n títí wọ́n fi ra irin tó ń di ilẹ̀kùn mú, tó jẹ́ pé bí aago iná bá dún, á jù ú sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Bàbá ń rí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọkàn mi balẹ̀.

Ìyàwó Pásítọ̀, Birmingham

Kúkúrú ni tèmi. Àtíkè tí a ń pò mọ́ omi kó lè ki fún àwọn tí kò lè gbé nǹkan mì dáadáa, ẹ má gbé e sí ibi tọ́wọ́ wọn á tó. Mo bá màmá kan pẹ̀lú agolo náà lọ́wọ́, ó ti bu síbí, ó fẹ́ fi sẹ́nu, ó rò pé ṣúgà ni. Bó bá dé ọ̀fun, ṣe ló máa ń wú. NHS, ètò ìlera ìjọba níbí, ti kìlọ̀ lórí rẹ̀ ní 2015, lẹ́yìn tí ẹnìkan kú. Inú kọ́bọ́ọ̀dù tó ní kọ́kọ́rọ́ ló yẹ ẹ́.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, Florida

Ọ̀rọ̀ ìwé yìí dé ọ̀dọ̀ wa ní Amẹ́ríkà náà. Ní September 2017, ìjì Irma gé iná tó ń gbé ẹ̀rọ amúlétutù ní ilé ìtọ́jú kan ní Hollywood, Florida. Ooru mú àwọn àgbàlagbà mọ́lé, 12 ló kú, ọsibítù tó ní iná sì wà ní òdìkejì títì. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ṣòfin pé ilé ìtọ́jú gbọ́dọ̀ ní jẹnẹrétọ̀ tó lè mú kí ilé má gbóná ju ìwọ̀n 81 Fahrenheit lọ fún wákàtí 96.

Nígbà tí ìjì mìíràn ń bọ̀, ìwé ní ilé iṣẹ́ mi sọ pé dísẹ́lì kún táńkì jẹnẹrétọ̀. Mo ní kí ọkùnrin tó ń bójú tó o mú mi lọ síbẹ̀. Kò dé ìdajì. Wọ́n rà á kún un lọ́jọ́ yẹn gan-an, atẹ́gùn ti ń fẹ́ igi dà nù lójú ọ̀nà.

Ẹni Tuntun, Hull

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú ìmọ̀ràn. Gbogbo ohun tí ẹ sọ yìí ni mò ń rí níbi iṣẹ́ mi. Bí mo bá wá sọ̀rọ̀, tí wọ́n sì gba ìgbọ̀wọ́ lọ́wọ́ mi ńkọ́? Ìyàwó mi lóyún.

Ìyá Ìbejì, Leeds

Àbúrò mi, ọ̀rọ̀ rẹ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ojo. Bí wọ́n bá fagi lé ìgbọ̀wọ́, 60 ọjọ́ ni wọ́n sábà máa ń fúnni láti wá ẹlòmíràn, ọjọ́ yẹn kì í pẹ́ pé. Mi ò ní kí o lọ jà. Bẹ̀rẹ̀ láti ara ìwé tìrẹ. Wákàtí tí o ṣe é gan-an ni kí o kọ. Èyí tí o kò bá ráyè ṣe, kọ pé o kò ṣe é, kọ iye ènìyàn tó wà níṣẹ́. Sọ fún mànéjà nípa ímeèlì, kí ọjọ́ lè wà lórí rẹ̀. Má ya fọ́tò ìwé àwọn àgbàlagbà sórí fóònù rẹ o, ẹjọ́ mìíràn nìyẹn. Bí wọn ò bá dáhùn, o lè sọ fún CQC láìdárúkọ ara rẹ, tàbí kí o pe àwọn tó ń rí sí ààbò àgbàlagbà ní káńsù. Òfin kan wà láti 1998 tó dáàbò bo òṣìṣẹ́ tó bá tú irú àṣírí bẹ́ẹ̀. Darapọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kí o tó sọ ohunkóhun, kí ẹnìkan lè bá ọ jókòó bí wọ́n bá pè ọ́.

Àǹtí ti ń bá mi sọ̀rọ̀ padà. Ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, òun ló ṣe handover fún mi. Mo wọ yàrá màmá, mo gbé ìwé ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ọwọ́ Àǹtí ni: “16:00, a ò rí i ṣe, àwa méjì péré la wà. 17:25, a yí i sí apá ọ̀tún. Ara rẹ̀ dá.”