Lórí "ìfòpinsí ìrànlọ́wọ́" fún ìdíje géèmù

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Tí iléeṣẹ́ tó ni géèmù bá ní àwọn ò ṣètò ìdíje rẹ̀ mọ́, ẹ̀gbọ́n wa kan dábàá lánàá pé kí á máa pè é ní "ìfòpinsí ìrànlọ́wọ́". Ẹlòmíràn ní "ìfẹ̀yìntì" ló yẹ. Ẹ má bínú, mi ò fara mọ́ ìkankan.

Ẹ wo Heroes of the Storm, géèmù orí kọ̀ǹpútà kan tí àwọn ẹgbẹ́ fi máa ń bá ara wọn díje. Ní oṣù Kọkànlá 2018, ẹgbẹ́ Gen.G láti Kòríà gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé rẹ̀ ní Anaheim, Amẹ́ríkà. Dọ́là mílíọ̀nù kan ni owó ẹ̀bùn ìdíje náà. Nígbà tó di ọjọ́ 13 oṣù Kejìlá, Blizzard tó ni géèmù náà kéde pé àwọn ò ní ṣètò ìdíje rẹ̀ ní 2019. Bí èrò ìta ṣe gbọ́ ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fi eré náà jẹun ṣe gbọ́.

Ṣé ìrànlọ́wọ́ nìyẹn? Ẹrù ẹlẹ́rù ni olùrànlọ́wọ́ ń bá a gbé. Blizzard ló ni géèmù, òun ló dá ìdíje sílẹ̀. "Ìgbọ̀wọ́" náà ò bá a mu, torí bí onígbọ̀wọ́ bá lọ, ẹni tó ni nǹkan á wá òmíràn. "Ìfẹ̀yìntì" ló dùn mí jù. Òṣìṣẹ́ tó ń fẹ̀yìn tì mọ ọjọ́ rẹ̀, wọ́n á sì bá a ṣàjọyọ̀. Àwọn ọmọ wọ̀nyí ò rí ìyẹn.

"Ìyọwọ́" ni mo fara mọ́. Nílé wa, abọ́ àmàlà kan ni gbogbo wa máa ń yí ká. Bí bùọ̀dá wa àgbà bá yọwọ́, tí wọ́n ṣan án, àwa tó kù kì í dìde. A ó máa jẹ ìyókù, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa ní kí wọ́n bu òmíràn sí i mọ́. Bó ṣe rí gan-an nìyẹn: géèmù ò kú, àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ dá ìdíje tiwọn sílẹ̀, owó ńlá yẹn ni kò sí.

Ìdí nìyí tí mi ò fi ní lo "ìyọwọ́yọsẹ̀". Ọwọ́ jáde ní 2018, ẹsẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Oṣù Keje 2022 ni Blizzard tó sọ pé àwọn ò ní ṣe ohun títà tuntun fún géèmù náà mọ́, síbẹ̀ wọn ò tì í pa.

Mo kọ́kọ́ rò ó pé kí á fi "olóhun", ìyẹn ẹni tó ni nǹkan, kún un. Àmọ́ ẹ mọ bí a ṣe ń kọ Yorùbá láìfàmì sí i lórí fóònù. Àwọn Mùsùlùmí tó wà láàárín wa á kà á sí Ọlọ́hun. Ẹ jẹ́ ká kúkú sọ pé "ìyọwọ́ iléeṣẹ́". Ẹ gbé e yẹ̀ wò nínú gbólóhùn: "Láti ìgbà ìyọwọ́ iléeṣẹ́, àwọn olólùfẹ́ eré náà ló ń dá owó ìdíje jọ."