Àdírẹ́sì tó pé, ẹrù tó ṣìnà: ẹ̀yin tó ń fi ẹrù ránṣẹ́ sí Ìkòròdú

Àǹtí Peckham:
Ẹ ǹ lẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ Ìkòròdú. Dúrọ́ọ̀mù méjì tí mo fi ránṣẹ́ sí màámi ní Ìta Olúwo, Sábó ni dírẹ́bà gbé e lọ. Ó pè wọ́n lọ́sàn-án pé òun ti dé. Màámi jáde, wọ́n wo ọ̀tún wo òsì, kò sí ọkọ̀. Wọ́n ní kó fọn fèrè, wọn ò gbọ́. Ìgbà tó wá ka ohun tó wà níwájú rẹ̀ sí wọn létí ni wọ́n mọ ibi tó wà. Bẹ́ẹ̀, mo kọ nọ́ńbà ilé, mo kọ àdúgbò, n kò fi nǹkan kan sílẹ̀. Kí ló fà á?

Bọ̀dá Houston:
Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe níbí nìyẹn, sọ́fúwíà tó ń to ọkọ̀ akẹ́rù. Ṣé ẹ rí i, kọ̀ǹpútà á sọ àdírẹ́sì di nọ́ńbà méjì tó tọ́ka sí ojú kan lórí máàpù. Bí kò bá mọ àdúgbò yín, kò ní pariwo. Àárín ìlú ni yóò mú, dírẹ́bà á sì tẹ̀ lé e. Èyí ló burú jù lójú tèmi. Ká ní ó sọ pé òun ò mọ ibẹ̀ ni, ẹnì kan ì bá ti pè yín. Bó bá jẹ́ ti Google ni wọ́n ń lò, ó máa ń kọ bó ṣe dá a lójú tó: ROOFTOP, orí ilé gan-an ló bọ́ sí, APPROXIMATE, àgbègbè lásán ló mú. Ẹ ní kí wọ́n wò ó kí ọkọ̀ tó gbéra.

Èyí tó dájú ni kí ẹnì kan nílé lọ dúró lẹ́nu géètì, kì í ṣe nínú pálọ̀, kó ṣí máàpù lórí fóònù, kó ní sùúrù títí òbìrí búlúù tó yí ibi tó dúró sí ká lórí máàpù yẹn á fi kéré, kó tẹ ojú ibẹ̀ mọ́lẹ̀, kó wá da nọ́ńbà méjèèjì kọ. Ti Ìkòròdú, 6 ló ń ṣáájú, 3 tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá gbé 3 ṣáájú, inú òkun ló gbé ilé màámi lọ, níwájú Bonny lọ́hùn-ún. Wọn ò sì gbọ́dọ̀ gé ìdí nọ́ńbà náà. Bí márùn-ún bá wà lẹ́yìn pọ́íǹtì, ó ń tọ́ka sí nǹkan bíi mítà kan. Bó bá ṣẹ́ ku méjì, ó lè yẹ̀ ju ààbọ̀ kìlómítà lọ.

Ẹ̀gbọ́n Dublin:
Kí wọ́n máa kọ Ìkòròdú mọ́ Sábó náà o, Sábó mìíràn wà ní Yábà. Plus code, lẹ́tà àti nọ́ńbà tí Google Maps fi ń dípò àdírẹ́sì, tí àbúrò mi fi ránṣẹ́ ńkọ́?

Bọ̀dá Houston:
Ó dáa, ẹ̀gbọ́n. Tí wọ́n bá kọ ọ́ ní kíkún, 6FR5 ni ti Ìkòròdú fi ń bẹ̀rẹ̀. Kò sí lẹ́tà O nínú rẹ̀, kò sí òdo. Bí ẹ bá rí ọ̀kan, àṣìkọ ni. Ohun kan tún kù tó máa ń dùn mí: àwọn sọ́fúwíà kan wà, bí akọ̀wé bá kàn tún sípẹ́lì àdúgbò ṣe, wọ́n á tún àdírẹ́sì wá látìbẹ̀rẹ̀, nọ́ńbà tó tọ̀nà á sì bá a lọ. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n ti nọ́ńbà náà pa, kó má lè yí padà.

Àǹtí Peckham:
Àbúrò mi ti dé ẹnu géètì. 6.6 ló fi bẹ̀rẹ̀ lóòótọ́, márùn-ún lẹ́yìn pọ́íǹtì. Mo ti fi ránṣẹ́ sí wọn. Ẹ ṣé gan-an, dúrọ́ọ̀mù kan ṣì wà ní èbúté Tilbury níbí.