Ẹ jọ̀ọ́, sọ́fítíwíà chess wo ni kí n lò lórí Linux?

ẹlẹ́ṣin_dúdú:
Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ti kúrò lórí Windows, Debian ni mo fi sórí láptọ́ọ̀pù mi báyìí, ó ti pẹ́ díẹ̀, ráàmù ẹ̀ ò ju 4GB lọ, gbogbo nǹkan ló sì ń lọ dáadáa àfi ọ̀rọ̀ chess. Ibi tí mo bá ti bèèrè, ChessBase àti Fritz ni wọ́n ń dárúkọ fún mi, bẹ́ẹ̀ Windows ni wọ́n ṣe méjèèjì fún. Ohun tí mo ń wá ò pọ̀: ibi tí mo lè kó gbogbo géèmù tí mo ti ta sí kí n lè máa wá inú ẹ̀, kí ẹ́ńjìnnì máa fi ibi tí mo ti ṣìnà hàn mí, kí n sì rí nǹkan bá ta nígbà tí mo bá dá wà, èyí tí kò ní máa lù mí bí ẹni lu bàrà ṣá. Ó gbọ́dọ̀ lè ṣiṣẹ́ láìsí dátà, torí kì í ṣe gbogbo ìgbà ni mo máa ń wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. XBoard, PyChess, Scid, ChessX, Cute Chess, En Croissant, gbogbo ẹ̀ ni mo ti ka nípa ẹ̀, mi ò tíì mọ èyí tí mo máa mú. Ẹ gbà mí o.

ọ̀pọ́n64:
Ẹ kú iṣẹ́ náà. Kí ẹ tó mú ohunkóhun, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya nǹkan méjì sọ́tọ̀ torí òun ló ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú: ẹ́ńjìnnì ọ̀tọ̀, ọ̀pọ́n tí ẹ ń wò ọ̀tọ̀. Ẹ́ńjìnnì ló ń ro ayò, kò ní ọ̀pọ́n kankan lára. Tí ẹ bá ṣí Stockfish nínú terminal, ó kàn máa kọ orúkọ ẹ̀ síbẹ̀ á sì dákẹ́, tí ẹ bá wá tẹ `uci` á to àwọn sẹ́tíǹgì ẹ̀ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, á sì parí ẹ̀ sí `uciok`. UCI yẹn ni èdè tí ẹ́ńjìnnì àti ọ̀pọ́n fi ń bára wọn sọ̀rọ̀, Rudolf Huber àti Stefan Meyer-Kahlen ló gbé e jáde ní ọdún 2000, ẹnikẹ́ni ló sì lè lò ó, ìdí nìyẹn tí ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo fi lè ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀pọ́n tó bá wù yín. Torí náà ní ti agbára, ẹ ò pàdánù nǹkan kan rárá bí ẹ ṣe kúrò lórí Windows. Stockfish tí wọ́n ń lò níbẹ̀ náà ló wà níbí, ọ̀fẹ́ ni, kóòdù ẹ̀ wà ní gbangba látìgbà tó ti jáde ní 2008.

Ọ̀pọ́n ló kù tí ẹ máa yàn, iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ fi ṣe ló sì yẹ kẹ́ ẹ fi yàn án. Nínú gbogbo ohun tí ẹ kà sílẹ̀, kíkó géèmù jọ àti wíwá inú ẹ̀ ló ṣòro rí jù, òun ni mo fi máa sọ pé Scid ni kẹ́ ẹ mú, àbí ẹ̀ka ẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Scid vs. PC. Ojú ẹ̀ ò dùn ún wò, Tcl/Tk ni wọ́n fi kọ ọ́, ó sì hàn lára ẹ̀ pé ó ti pẹ́. Ṣùgbọ́n ó fúyẹ́, ráàmù yín á gbà á dáadáa. Ẹ lè to ọmọ ayò sórí ọ̀pọ́n kẹ́ ẹ ní kó wá gbogbo géèmù tó ti dé ibẹ̀ rí, ẹ lè ní kó wá kìkì èyí tó parí sí rúùkù pẹ̀lú pọ́ọ̀nù lọ́wọ́ méjèèjì, ó máa ń yọ géèmù tó bá wọlé lẹ́ẹ̀mejì kúrò, ó tún máa ń tún orúkọ àwọn tó ta á ṣe tí wọ́n bá kọ ọ́ lóríṣiríṣi. Mi ò tíì rí ọ̀pọ́n ọ̀fẹ́ míì tó ń ṣe gbogbo èyí tó bẹ́ẹ̀.

XBoard àti Cute Chess dáa fún kí ẹ́ńjìnnì méjì máa bá ara wọn ta, GNOME Chess sì dáa fún ẹni tó kàn fẹ́ ta kó sì lọ sùn. Kì í ṣe ohun tí ẹ ń wá nìyẹn.

ìràwọ̀_owúrọ̀:
Ẹ̀gbọ́n ọ̀pọ́n64, mo gbà pé Scid lágbára, àmọ́ ẹni tó ń bọ̀ láti Windows tí ẹ wá gbé Scid lé lọ́wọ́, ó lè sú u ní ọjọ́ kìíní. En Croissant ni èmi fọwọ́ sí. Ojú ẹ̀ mọ́, inú ẹ̀ gan-an lẹ ti máa dáńlóòdù ẹ́ńjìnnì àti àwọn àkójọ géèmù ńláńlá, tí ẹ bá sì ti ń ta lórí Lichess tàbí Chess.com ẹ kàn fi orúkọ yín sí i, á bá yín kó gbogbo géèmù yín wálé, lẹ́yìn náà kò nílò dátà mọ́. Wọ́n ní `.deb` fún Debian. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ó ń jẹ ráàmù ju Scid lọ, lórí 4GB ẹ máa ní láti ti bráwúsà pa tí ẹ bá fẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ríbi mí.

Tí dátà bá sì wà, ẹ má gbàgbé Lichess fúnra ẹ̀, kò béèrè pé Linux ni àbí kí ni, bráwúsà ti tó. Stockfish tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ tí ẹ bá ń wo géèmù yín, inú kọ̀ǹpútà yín gan-an ló wà.

ẹlẹ́ṣin_dúdú:
Ẹ ṣeun púpọ̀, ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì àti ọ̀pọ́n yẹn ti là mí lójú. Mo ti fi Scid sí i, ó ṣí. Mo wá dáńlóòdù Stockfish láti sáìtì wọn, mo mú èyí tí wọ́n kọ avx2 sí, ló bá ń sọ pé `Illegal instruction (core dumped)` tó sì ń kú lójú ẹsẹ̀. Ṣé láptọ́ọ̀pù mi ti kéré jù fún un ni?

abẹ́_bọ́nẹ́ẹ̀tì:
Rárá o, kò kéré, fáìlì tí kì í ṣe ti ẹ̀ lẹ gbé fún un. AVX2 jẹ́ àwọn àṣẹ kan tó wà nínú prósẹ́sọ̀, ọdún 2013 ni Intel bẹ̀rẹ̀ sí í fi sínú ti wọn, èyí tó bá ṣáájú ìyẹn ò mọ̀ ọ́n, tó bá sì ti bá a pàdé ńṣe ló máa dúró. Ẹ tẹ `lscpu` kẹ́ ẹ wo ibi tí wọ́n kọ Flags sí, tí `avx2` ò bá sí níbẹ̀ àmọ́ tí ẹ rí `sse4_1` àti `popcnt`, èyí tí wọ́n kọ sse41-popcnt sí ni kẹ́ ẹ mú.

Èyí tó rọrùn jù ni kẹ́ ẹ gba ti Debian fúnra wọn, `sudo apt install stockfish`, òun máa ṣiṣẹ́ lórí prósẹ́sọ̀ àtijọ́ náà, ó kàn lè má jẹ́ èyí tó jáde kẹ́yìn ni, ìyẹn ò sì ní pa yín lára torí kò sẹ́ni tó lè nà án nínú gbogbo wa. Ibi tó máa ń wà ni `/usr/games/stockfish`, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ nígbà tí Scid bá bèèrè ibi tí ẹ́ńjìnnì wà, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń wá a lọ sí `/usr/bin` tí wọn ò ní rí i. Lẹ́yìn náà ẹ fi Hash (ráàmù tí ẹ́ńjìnnì lè lò, MB ni wọ́n fi ń kà á) sí 256, ẹ má fi ju 512 lọ lórí 4GB. Threads náà (iye kọ́ọ̀ prósẹ́sọ̀ tí ẹ́ńjìnnì ń lò), ẹ dá kọ́ọ̀ kan sí fún àwọn nǹkan yòókù, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ máọ̀sì gan-an á máa fà.

ìdákọ̀ró:
Ẹ jẹ́ n dá sí ti ẹni tí ẹ máa bá ta torí wọn ò tíì fọwọ́ kàn án. Stockfish ní sẹ́tíǹgì kan, `UCI_LimitStrength`, tí ẹ bá tàn án ẹ lè fi `UCI_Elo` (Elo ni nọ́ńbà tí wọ́n fi ń díwọ̀n agbára ẹni tó ń ta chess) sọ ọ́ kalẹ̀, àmọ́ kì í lọ sísàlẹ̀ ju 1320 lọ, bó sì ṣe ń rẹ ara ẹ̀ sílẹ̀ ò bá mi lára mu: á ta bí ọ̀gá fúngbà díẹ̀, á wá ṣàdédé fi kuíìnì sílẹ̀ lásán. Èèyàn kì í ta bẹ́ẹ̀. Maia ni kẹ́ ẹ wá. Géèmù àwọn èèyàn gidi lórí Lichess ni wọ́n fi kọ́ ọ, láti ti ẹni tó wà ní 1100 títí dé 1900, torí náà irú àṣìṣe tí àwa náà máa ń ṣe lòun náà máa ń ṣe. Lc0, ẹ́ńjìnnì míì, ló ń gbé e ṣiṣẹ́, ó sì ṣeé ṣe kẹ́ ẹ ní láti kọ́mpáìlì Lc0 fúnra yín (kẹ́ ẹ sọ kóòdù ẹ̀ di ohun tó lè ṣiṣẹ́), ìyẹn gba sùúrù. Ẹ má bẹ̀rù pé ẹ ò ní káàdì GPU, nodes 1 (kó má máa ro ayò lọ síwájú) ni wọ́n ní kéèyàn fi Maia sí, prósẹ́sọ̀ yín á gbé e.

ẹlẹ́ṣin_dúdú:
Ti apt ti ṣiṣẹ́ o! Mo rí i tó ń ka nọ́ńbà lábẹ́ ọ̀pọ́n. Ẹ ṣeun gan-an. Ó ku ọ̀kan, àwọn géèmù mi àtijọ́ ṣì wà nínú ChessBase lórí kọ̀ǹpútà àbúrò mi, ṣé kí n kàn fi Wine (ohun tó ń jẹ́ kí sọ́fítíwíà Windows ṣiṣẹ́ lórí Linux) gbé ChessBase wá síbí ni?

ọ̀pọ́n64:
Ẹ má fi Wine dá ara yín lágara. Ó lè ṣí lónìí, kí àpúdéètì kan dé lọ́la kó má ṣí mọ́, ibi tí ẹ kó géèmù yín sí ò sì yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Windows yẹn ṣì wà nítòsí, ẹ ṣí ChessBase níbẹ̀, ẹ mú gbogbo géèmù, kẹ́ ẹ gbé wọn jáde sí PGN. Lẹ́yìn náà ẹ fi gedit tàbí ohun tó bá wà nílẹ̀ ṣí fáìlì náà, ẹ máa rí `[White "..."]`, `[Result "1-0"]`, lábẹ́ ẹ̀ `1. e4 e5 2. Nf3`, ọ̀rọ̀ lásán tí ojú lè kà ni. Gbogbo ọ̀pọ́n tí a ti dárúkọ níbí ló ń kà á. Nínú Scid ẹ ṣẹ̀dá àkójọ tuntun, ẹ ní kó gba PGN wọlé, ẹ wá ní kó yọ àwọn tó bá jẹ́ méjì. Kẹ́ ẹ sì fi PGN yẹn sórí fúláàṣì pẹ̀lú, ẹ má pa á rẹ́ tó bá ti wọ Scid tán.

kékeré_kọ́ọ̀:
Ẹ dákun, Raspberry Pi ni tèmi, ṣé ohun kan náà ni?

abẹ́_bọ́nẹ́ẹ̀tì:
Ohun kan náà ni. ARM ni prósẹ́sọ̀ tìẹ, torí náà má mú èyíkéyìí tí wọ́n kọ x86 sí. Apt máa bá ẹ yan èyí tó yẹ fúnra ẹ̀. Kọ́ọ̀ mẹ́rin ló wà nínú Pi 4 àti Pi 5, fi Threads sí 3, sì rí i pé fáànù wà lórí ẹ̀, torí tó bá gbóná jù ó máa dín iyára ara ẹ̀ kù.