Ọdún mẹ́rìnlá lórí ìtàgé, mo fẹ́ di olóòtú eré olórin: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Aláró Òkè-Fìà:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará ilé mi. Ó ti pé ọdún mẹ́rìnlá báyìí tí mo ti ń kọrin, tí mo ń jó lórí ìtàgé. Mo ti bá ẹgbẹ́ eré mẹ́fà ṣiṣẹ́, ní Òṣogbo níbí, ní Ìbàdàn, àti l'Ékòó fún ọdún méjì. Ibi tí wọ́n bá ní kí n dúró sí ni mo máa ń dúró sí, orin tí wọ́n bá kọ́ mi ni mo máa ń kọ, tí eré bá parí, mo máa gba owó mi. Owó yẹn gan-an kì í sábà pé. Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, a ṣe eré kan fún alẹ́ mẹ́rin. Èrò kún gbọ̀ngàn dé ẹnu ọ̀nà, síbẹ̀ olóòtú wa, ẹni tó gbé eré náà jáde tó sì ń mójú tó owó rẹ̀, sọ pé òun ò rí èrè kankan. Títí di òní, ìdajì owó mi ṣì wà níta. N kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Mo sọ ọ́ kí ẹ lè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti gbèrú lọ́kàn mi ni.

Mo ti kọ eré olórin tèmi báyìí. Ìtàn ìkòkò aró Ọ̀ṣun ni mo mú: igi tí Láròóyè àti Olútìmẹ́yìn gé tó wó sínú odò, àti ohùn tó jáde látinú omi pé gbogbo ìkòkò aró òun ni wọ́n ti fọ́ tán. Nínú eré mi, ìyá aláró kan ló ń sọ ìtàn náà fún ọmọ rẹ̀ obìnrin tó fẹ́ pa iṣẹ́ aró tì. Orin mọ́kànlá ló wà níbẹ̀. Èmi ni mo kọ mẹ́sàn-án, ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ onílù bá mi kọ méjì. Òṣèré méjìlá la nílò, pẹ̀lú onílù àti onífèrè mẹ́fà.

Mo ní ₦1,300,000 lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kan ní London fẹ́ fi ₦1,000,000 kún un, àmọ́ ó ní ìdajì gbogbo owó tí eré náà bá pa ni kó jẹ́ tòun, títí ayé.

Ṣé kí n gba owó náà bẹ́ẹ̀? Ṣé mo lè jẹ́ olóòtú kí n sì tún ṣe ìyá aláró yẹn fúnra mi? Àwọn ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń ṣeré sì ti sọ pé àwọn máa bá mi ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ ná. Ṣé kí n gbà fún wọn?

Ọmọ Àyàn, Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun:

Ẹ kú iṣẹ́ mà. Onílù ni mí, ìbéèrè kẹta yẹn nìkan ni mo lè dáhùn. Ẹ má gbà. Ẹni tó bá ń ṣeré fún yín lọ́fẹ̀ẹ́ ò ní yọjú lọ́jọ́ tí wọ́n bá pè é sí òde ìgbéyàwó, ẹ ò sì ní lẹ́nu tí ẹ máa fi bá a wí. Ìwọ̀nba tí agbára yín bá ká, ẹ sọ ọ́ fún wọn kí ìlù àkọ́kọ́ tó dún.

Ìyá Ìbejì, Òkè-Báálẹ̀:

Àbúrò mi, iṣẹ́ ìṣirò owó ni mo ń ṣe jẹun. Kí a tó dé orí ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ, jọ̀wọ́ kọ ohun tí o rò pé o máa ná síbí, kí n rí i.

Aláró Òkè-Fìà:

Ẹ ṣé mà. Gbọ̀ngàn tí mo lọ wò gba èèyàn 400, ₦150,000 ni wọ́n ń gbà lálẹ́ kan. Ẹni tó máa gbé ẹ̀rọ ohùn àti iná wá ní ₦120,000. Epo jẹnẹrétọ̀, ₦40,000. Àwọn yẹn la máa san lálalẹ́. Ká tó bẹ̀rẹ̀ rárá, aṣọ eré máa gba ₦300,000, títo ìtàgé ₦200,000, ìpolówó ₦150,000, olùdarí tó máa tún kọ́ wọn níjó ₦200,000. Mo fẹ́ ta tíkẹ́ẹ̀tì ní ₦3,000.

Ìyá Ìbejì, Òkè-Báálẹ̀:

O gbàgbé ohun kan, òun ló sì tóbi jù: owó ọkọ̀ ìdánrawò. Tí ẹ bá máa fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà dánra wò, lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀, ọjọ́ 24 nìyẹn. Èèyàn 18, ₦1,500 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lójúmọ́, ó di ₦648,000. N kò tíì fi oúnjẹ sí i o. Tí a bá pa á pọ̀ mọ́ àwọn tí o kọ, ₦1,498,000 ló máa jáde lọ́wọ́ rẹ kí ẹnikẹ́ni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Wá wo alẹ́ kan ṣoṣo. Gbọ̀ngàn, ohùn àti iná, epo: ₦310,000. Tí o bá san ₦10,000 fún àwọn 18 yẹn, ₦180,000 kún un, ó di ₦490,000. Má fi ojú gbọ̀ngàn kíkún ṣe ìṣirò. Ká ní èèyàn 240 ló wá nínú 400, ₦720,000 lo máa pa. Ohun tó ṣẹ́kù sí ọ lọ́wọ́ lálẹ́ yẹn ni ₦230,000. Ó máa gbà ọ́ ní alẹ́ méje kí o tó rí ₦1,498,000 yẹn padà.

Ní báyìí, yọ owó àwọn òṣèré kúrò. Alẹ́ kan á mú ₦410,000 wá, alẹ́ mẹ́rin sì ti tó láti dá owó rẹ padà. Ṣé o rí i? Láàárín alẹ́ mẹ́rin àti alẹ́ méje, owó ọ̀yà yín ló wà níbẹ̀. Ohun tí ẹni tó jẹ ọ́ lówó rí nínú ìwé ìṣirò tirẹ̀ nìyẹn, tó sì ṣe ohun tó ṣe. N kò gbè é lẹ́yìn o. Mo fẹ́ kí o mọ̀ ni pé ìdánwò kan náà ń bọ̀ wá bá ọ, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ tí ń bẹ̀ ọ́ pé kí o má san nǹkan kan ló sì máa gbé e wá.

Owó tó yẹ kó wà nílẹ̀ kí aṣọ ìkélé tó ṣí lálẹ́ àkọ́kọ́ jẹ́ ₦1,988,000. Tìrẹ nìkan ò tó, ₦688,000 ló kù. Ti ẹ̀gbọ́n rẹ bá wọlé, ₦312,000 á ṣẹ́kù fún ọjọ́ tí òjò bá lé èrò sílé.

Ọmọ Oròkí ní London:

Níbi tí mo wà yìí, bí àwọn tó ń dáwó sí eré olórin ṣe sábà máa ń ṣe é ni pé kí eré kọ́kọ́ dá owó wọn padà, lẹ́yìn náà ni àwọn àti olóòtú á wá jọ pín èrè, lọ́pọ̀ ìgbà 60 nínú ọgọ́rùn-ún fún àwọn tó dáwó, 40 fún olóòtú. Nítorí náà, ìdajì tí bùrọ̀dá béèrè kọ́ ló burú. Ohun tó burú ni pé ó ní "gbogbo owó tí eré bá pa." Owó tó wọlé kì í ṣe èrè. Lálẹ́ tí ẹ bá pa ₦720,000, òun á gba ₦360,000, ₦490,000 yẹn á sì wà lọ́rùn yín.

Agbẹjọ́rò kan, Ayétòrò:

Mo fara mọ́ èyí. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn, bó tilẹ̀ jẹ́ ọmọ ìyá ni yín. Kí ó gba ₦1,000,000 rẹ̀ padà bí ìwọ náà ṣe ń gba tìrẹ, kí ẹ tó máa pín èrè. Kí ó jẹ́ èrè ìgbéjáde yìí nìkan, kì í ṣe ti eré náà títí ayé. Ẹni tó kọ eré ló ni ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀. Nínú òfin Copyright Act ti 2022, ẹ̀tọ́ yẹn máa wà títí di àádọ́rin ọdún lẹ́yìn ikú ẹni tó kọ ọ́. Ọmọ rẹ àti ọmọ ọmọ rẹ máa jẹ níbẹ̀. Má fi ₦1,000,000 tà á.

Ọ̀rẹ́ rẹ onílù ńkọ́? Òun náà ni ín nínú orin méjì yẹn. Ẹ jọ fọwọ́ sí ìwé nísinsìnyí tí ìfẹ́ ṣì wà láàárín yín, kí ẹ kọ ìpín kálukú síbẹ̀. Ìtàn ìkòkò aró kì í ṣe ti ẹnì kan, ẹnikẹ́ni ló lè fi ṣeré, àmọ́ ọ̀rọ̀ àti ohùn orin tí ẹ fi sí i, tiyín ni.

Fi orúkọ iṣẹ́ rẹ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀, kí o sì ṣí àpò owó ní báńkì fún eré yìí lọ́tọ̀. Kí ó má dàpọ̀ mọ́ owó ọbẹ̀.

Akéwì, Ọlá-Ìyá:

Lórí ìbéèrè kejì, ẹ ṣe ìyá aláró yẹn fúnra yín jàre! Ta ló ṣe Ṣàngó nínú Ọba Kò So, eré Dúró Ládípọ̀? Ṣebí òun fúnra rẹ̀ ni, ìlú wa níbí sì ló ti bẹ̀rẹ̀. Ògúndé ńkọ́? Òun ló ń kọ eré, òun ló ń darí, òun ló ń ṣe é. Àwọn baba wa ò pín in sí méjì.

Bàbá Àgbà, Ọjà-Ọba:

Ọmọ mi Akéwì, òótọ́ lo sọ, ó kù díẹ̀. Ọmọ ọdún méjìlá ni mí nígbà tí wọ́n ṣí Mbárí Mbáyọ̀, ilé eré àti iṣẹ́ ọnà, níbí ní 1962. Nígbà tí Ọba Kò So lọ sí Berlin ní 1964, gbogbo ìlú ló gbọ́. Mo bá ẹgbẹ́ kan gbé àpótí aṣọ kiri fún ọdún mẹ́rin ní àwọn ọdún 1970. Ohun tí ẹ̀yin ò rí ni ilé tó wà lẹ́yìn ìtàgé. Abíọ́dún ìyàwó Dúró Ládípọ̀ ló ṣe Ọya. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn obìnrin tó ń bá Ògúndé ṣeré, ìyàwó rẹ̀ ni wọ́n. Inú agbo ilé kan náà ni wọ́n ń sùn, ìkòkò kan náà ni wọ́n ń jẹ. Bí ọ̀gá bá wà lórí ìtàgé, ìyàwó kan wà lẹ́nu ọ̀nà tó ń gba owó, òmíràn wà nídìí aṣọ. Ọmọ wa obìnrin yìí, ta ló wà lẹ́nu ọ̀nà fún un?

Mo fi ojú mi rí olórí ẹgbẹ́ kan tó wọ aṣọ ọba, tó dé adé, tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́yìn aṣọ ìkélé tó ń ka owó ẹnu ọ̀nà, torí kò fọkàn tán ẹni tó gbà á. Ìlù ti ń pè é. Nígbà tó jáde, kò rántí ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́. Àwa tí a wà níbẹ̀, ojú ń tì wá fún un, àánú rẹ̀ sì ń ṣe wá.

Ohun kejì: alẹ́ méje tí Ìyá Ìbejì wí yẹn, Òṣogbo nìkan ò lè fún ọ. Ẹ̀yin ọmọ òde òní máa ń rò pé ẹsẹ̀ ló ń yún àwọn alárìnjó. Ìṣirò yìí náà ni. Alẹ́ méjì níbí, ọ̀kan ní Ẹdẹ, méjì ní Iléṣà, méjì ní Ifẹ̀, kí owó tó pé. Nítorí náà, má ṣe ìtàgé tí kò ní ṣeé dì sínú ọkọ̀ kan. ₦200,000 tí o fẹ́ fi tò ó, ìkòkò aró àti aṣọ àdìrẹ tí ẹ bá ta sórí okùn ti tó.

Ìyá Ìbejì, Òkè-Báálẹ̀:

Bàbá, ẹ ṣeun. Mo fẹ́ fi ẹnì kan kún un. Bọ́láńlé Austen-Peters kì í ṣe òṣèré níbẹ̀rẹ̀, agbẹjọ́rò ni. Ó dá Terra Kulture, ilé àṣà àti iṣẹ́ ọnà, sílẹ̀ l'Ékòó ní 2003. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà ló tó gbé eré olórin Saro jáde, nígbà tó di 2016, eré olórin rẹ̀ míì, Wakaa, ti dé London. Iṣẹ́ olóòtú ló jókòó tì. Àbúrò mi, iṣẹ́ tí a ń jókòó tì ni o.

Aláró Òkè-Fìà:

Mo ti ka gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: orin tí ìyá aláró kọ kẹ́yìn, orí ikú ìyá mi ni mo ti kọ ọ́. Aláró ni ìyá mi. Ó ń dùn mí láti gbé e fún ẹlòmíràn.

Bàbá Àgbà, Ọjà-Ọba:

Mo gbọ́, ọmọ mi. Ọlọ́run á tẹ́ ìyá wa sí afẹ́fẹ́ rere. Kọ́ ẹlòmíràn, kí òun ṣe é lálẹ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, kí ìwọ wà lẹ́nu ọ̀nà àti nídìí ohùn. Tí ohun gbogbo bá ti ń lọ bó ṣe yẹ, kí o wá wọ aṣọ náà lálẹ́ kẹrin. Ipa náà ò ní sá lọ.

Akéwì, Ọlá-Ìyá:

Àsìkò Ọdún Ọ̀ṣun lóṣù kẹjọ ńkọ́? Àlejò á kún ìlú, ìtàn Ọ̀ṣun sì ni.

Ọmọ Àyàn, Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun:

Ẹ̀gbọ́n, a ò ní ráyè lásìkò yẹn. Láti Ìwọ́pòpó tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ọdún títí di ọjọ́ tí Arugbá, wúńdíá tó ń ru igbá Ọ̀ṣun, máa gbé igbá lọ sódò, ààfin àti ojúbọ ni gbogbo onílù máa wà. Ẹ ṣe é ṣáájú tàbí lẹ́yìn. Bí orin ojúbọ kankan bá sì wà nínú eré náà, ẹ kọ́kọ́ lọ kí Ìyá Ọ̀ṣun àti Àwòrò, àwọn olórí olùsìn Ọ̀ṣun. Àwọn ni wọ́n máa sọ èyí tó ṣeé gbé jáde níta.

Aláró Òkè-Fìà:

Ẹ kú àdúrótì, ẹ̀yin ará mi. Mo ti bá ẹ̀gbọ́n mi sọ̀rọ̀. Inú rẹ̀ ò kọ́kọ́ dùn, ṣùgbọ́n nígbà tí mo ka ìṣirò Ìyá Ìbejì fún un, ó dákẹ́, ó ní kí n fi ìwé àdéhùn ránṣẹ́. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi ti fọwọ́ sí ti orin méjì yẹn, ìdajì-ìdajì. Oṣù kẹwàá la máa ṣe é. Ọmọbìnrin kan ní Iléṣà wá kọ orin ìyá mi fún mi lánàá. Mi ò lè gbójú sókè títí tó fi kọ ọ́ tán. Òun ló máa bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ ni ìdánrawò àkọ́kọ́, nílé mi. Àpòòwé owó ọkọ̀ méjìdínlógún ti wà lórí tábìlì, mo ti kọ orúkọ kálukú sí i.