Ọkàn mẹ́ta ní ọrùn-ọwọ́ mi: ẹ sọ ti táàtù géèmù tiyín

Ọkàn mẹ́ta ló tò sí ọrùn-ọwọ́ òsì mi. Méjì pupa, ẹ̀kẹta ṣófo, ìlà dúdú nìkan ló yí i ká. Ẹni tó bá ti ta géèmù The Legend of Zelda rí kò ní bi mí pé kí ni. Ọkàn mẹ́ta ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Bí ọ̀tá bá ṣe ń lù ẹ́ ni wọ́n ń ṣófo, tí gbogbo rẹ̀ bá tán, o kú nìyẹn.

Èmi àti àbúrò mi ọkùnrin la jọ ta Ocarina of Time, ọ̀kan nínú àwọn géèmù Zelda, èyí tó jáde ní 1998. Páàdì kan ṣoṣo la ní, ẹni tó bá kú ló máa gbé e fún ẹnì kejì. Tó bá ti ku díẹ̀ kí ọkàn tán, géèmù náà á bẹ̀rẹ̀ sí í dún pí, pí, pí, kò sì ní dákẹ́ títí wàá fi rí ọkàn míì he. Ìgbà yẹn ni àbúrò mi máa ń na ọwọ́, á di ọrùn-ọwọ́ mi mú pinpin bí ẹni pé òun gan-an ló fẹ́ kú. Kì í sọ̀rọ̀. Á kàn dì í mú ni.

Nígbà tí mo pinnu láti ya táàtù, Triforce ni mo kọ́kọ́ mú lọ, onígun mẹ́ta aláwọ̀ wúrà mẹ́ta yẹn. Ó rẹwà, ó sì ní ìtumọ̀: agbára, ọgbọ́n àti ìgboyà. Nínú géèmù náà pàápàá, ẹ̀yìn ọwọ́ ló ti ń tàn. Obìnrin tó fẹ́ bá mi yà á wò ó, ó wò mí, ó ní: "Tí wọ́n bá dárúkọ géèmù yìí, kí ló kọ́kọ́ ń sọ sí ẹ lọ́kàn?" Mo ní ìró pí, pí, pí yẹn ni, àti ọwọ́ àbúrò mi. Ó ní ká gbé Triforce tì sápá kan. Títí dòní ni mò ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Èmi ni mo ṣe àṣìṣe tó kù. Mo ní kí ọkàn kọ̀ọ̀kan má ju èékánná ìka mi tó kéré jù lọ. Mo sì fẹ́ kó rí bíi ti Zelda àkọ́kọ́, ti 1986, tó jẹ́ pé onígun mẹ́rin kéékèèké ni wọ́n tò jọ tó fi di ọkàn. Ó kìlọ̀ fún mi, mi ò gbọ́. Kí ọdún mẹ́ta tó pé, gbogbo igun tó yẹ kó dà bí àtẹ̀gùn ti yí róbótó, ọkàn tó ṣófo sì ti ń dí láti etí wá sí àárín.

Ohun tó fà á ni pé kì í ṣe òkè awọ ni abẹ́rẹ́ ń fi íńkì sí. Ojoojúmọ́ ni awọ òkè ń re dànù. Abẹ́ rẹ̀, bíi mìlímítà kan sí méjì sísàlẹ̀, ni íńkì ń gbé. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń bá àìsàn jà lára wa ló ń gbé e mì tí wọ́n á sì dì í mú síbẹ̀. Síbẹ̀ náà, kì í dúró gbagidi. Ọdún dé, ọdún lọ, ìlà á máa fẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Tí àyè bá wà láàárín, kò sí wàhálà. Tí kò bá sí, ìlà méjì á di ọ̀kan.

Nígbà tá a tún un ṣe, ọkàn kọ̀ọ̀kan tó èékánná àtàǹpàkò, a sì fi àyè tó pọ̀ sínú èyí tó ṣófo. Kó tó lẹ àwòrán náà mọ́ mi lára, ó ní kí n dìde, kí n sọ apá sílẹ̀ wọ̀ọ̀, torí pé tí wọ́n bá lẹ̀ ẹ́ nígbà tí apá wà ní yíyí, àwọn ìlà tó tọ́ á wọ́ tí mo bá ti dúró dáadáa. Ẹni tó bá fẹ́ ya géèmù àtijọ́ sára, kó má fi èyí ṣeré.

Ẹ̀yin ńkọ́? Kí lẹ yà, kí ló sì mú yín yà á?

* * *

Ẹ̀gbọ́n, àpá ni tèmi bò. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí omi gbígbóná dà sí mi lápá ọ̀tún, látìgbà náà aṣọ alápá gígùn ni mo ń wọ̀, ooru ìbáà mú bí iná. Nígbà tí mo wá ta The Last of Us Part II, ti 2020, mo rí apá Ellie, ọmọbìnrin tó jẹ́ akọni inú rẹ̀. Àfòpiná kan àti ewé tó là bí ìyẹ́ ẹyẹ ni wọ́n yà síbẹ̀. Àpá ló wà lábẹ́ àwòrán yẹn. Òun fúnra rẹ̀ ló fi kẹ́míkà jó ara rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa rí ibi tí ẹni tó ní àrùn ti gé e jẹ. Mo dá géèmù dúró. Mo wo apá rẹ̀, mo wo tèmi.

Mi ò ní kí wọ́n dà á kọ bó ṣe rí. Onítáàtù tí mo lọ bá tẹ ìka lé àpá mi, ó ń fi wá ibi tó le àti ibi tó rọ̀. Ó ní àpá kì í mu íńkì bákan náà, ibì kan á mu ún yó, ibì kan á pọ̀ ọ́ jáde. Ó bi mí bóyá ọgbẹ́ máa ń wú sókè lára mi tó bá jinná, torí ó wọ́pọ̀ láàárín àwa aláwọ̀ dúdú pé kí ọgbẹ́ kékeré di àpá ńlá. Ó ní tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, òun ò ní fọwọ́ kàn mí. Ó fi abẹ́rẹ́ kán íńkì sí mi lára ní ẹ̀ẹ̀mẹrin péré, tó-tó-tó-tó, ó ní kí n lọ, kí n padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Kò wú.

Ibi tí awọ ti ká jọ ló fi ṣe igi àárín ewé, àwọn ewé náà sì tẹ̀ lé ọ̀nà tí omi yẹn gbà ṣàn. Inú ìgúnpá ni àfòpiná wà. Tí mo bá ká apá kò, ìyẹ́ rẹ̀ á pa dé, tí mo bá nà án, á ṣí. Mo ti ní aṣọ alápá péńpé mẹ́rin báyìí.

* * *

Tetris ni tèmi àti ìyàwó mi. Ẹ mọ̀ pé oríṣi méje ni àwọn búlọ́ọ̀kù tó ń já bọ́ nínú géèmù yẹn, onígun mẹ́rin kéékèèké mẹ́rin-mẹ́rin ni wọ́n sì fi ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Èyí tó gùn tí gbogbo èèyàn máa ń retí ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìka mi, àyè tó máa wọ̀ sí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìka rẹ̀. Tá a bá fi ìka kọ́ra, wọ́n á bára mu. Ẹ̀dùn ọkàn wa ni pé ẹ̀gbẹ́ ìka kì í pa íńkì mọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì la ti tún un ṣe, a ó sì tún un ṣe lẹ́ẹ̀kẹta.

* * *

Ẹni tó bá dúdú bíi tèmi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ka èyí. Iwin mẹ́rin inú Pac-Man ni mo fẹ́, Blinky pupa, Pinky aláwọ̀ pínkì, Inky aláwọ̀ búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ àti Clyde aláwọ̀ ọsàn, torí pé bàbá mi ló kọ́ mi ní géèmù 1980 yẹn. Onítáàtù àkọ́kọ́ ní àwọ̀ kì í hàn lára ẹni dúdú, àfi dúdú nìkan. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra. Mo jókòó sínú mọ́tò fún ìgbà pípẹ́ kí n tó lè kúrò níbẹ̀.

Ẹnì kejì ṣàlàyé fún mi bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́. Abẹ́ ohun tó ń mú wa dúdú ni íńkì wà, nítorí náà inú àwọ̀ ara wa la ti ń wò ó, bí ìgbà téèyàn ń wo nǹkan láti inú dígí aláwọ̀. Àwọ̀ tó bá ti rẹ̀ á sọnù sínú rẹ̀. Èyí tó bá jinlẹ̀ á hàn. Ó kán oríṣiríṣi àwọ̀ díẹ̀díẹ̀ sí mi lẹ́yìn èjìká, a dúró kó jinná, a wá wò ó lójú ọ̀sán. Pupa hàn, búlúù tó jinlẹ̀ hàn kedere. Àwọ̀ Pinky àti ti Inky fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí níbẹ̀ mọ́.

Ọ̀rọ̀ kan wá sí mi lọ́kàn. Ṣebí tí Pac-Man bá gbé kóró ńlá mì, gbogbo iwin tó ń lé e á di búlúù, wọ́n á máa sá fún un? Bá a ṣe yà á nìyẹn: iwin mẹ́rin, búlúù ni gbogbo wọn, wọ́n ń sá lọ láti èjìká mi sí ẹ̀yìn. Ọdún tí bàbá mi kú, ẹ̀rù tó ń lé mi kiri kì í jẹ́ kí n sùn. Báyìí, àwọn ni wọ́n ń sá.

* * *

Ọlọ́run á tẹ́ bàbá sí afẹ́fẹ́ rere o. Tèmi kúrú: iná Dark Souls, ti 2011, idà tí wọ́n gún sínú eérú, ó wà lókè ọrùn-ẹsẹ̀ mi. Ibi ìsinmi ni, ṣùgbọ́n tó o bá ti jókòó tì í, gbogbo ọ̀tá kéékèèké tó o ti pa á tún dìde. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo ṣe ìdánwò kan kí n tó yege, iná yẹn ni mo sì ń rò lálaalẹ́. Ìbọ̀sẹ̀ ló fẹ́ bà á jẹ́ mọ́ mi lára, torí ó ń ha á kó tó jinná. Ẹ wọ nǹkan tó fẹ̀, ẹ fi ọṣẹ tí kò ní òórùn fọ̀ ọ́, ẹ má lúwẹ̀ẹ́ nínú odò tàbí adágún, ẹ má jẹ́ kí oòrùn pa á. Ní bí ọ̀sẹ̀ kejì, á máa yún yín gan-an. Ẹ má họ ọ́, ẹ má sì ṣí èépá rẹ̀, torí ibi tẹ́ ẹ bá ti ṣí i ni íńkì máa bá a lọ.

* * *

Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Ẹni tó ni ewé, mo ka tiyín fún àbúrò mi lórí fóònù, ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀. Òun náà ti wá ya tirẹ̀ báyìí, ó fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lánàá. Ọrùn-ọwọ́ náà ni, ọkàn mẹ́ta náà ni, bó ṣe tóbi náà nìyẹn. Àmọ́ ọ̀kan ṣoṣo ló pupa nínú tirẹ̀, méjì ṣófo. Mo bi í pé kí ló dé tí kò yà á bíi tèmi. Ó ní ìgbà tó bá ku ọ̀kan ni òun máa ń di ọwọ́ mi mú.