Ìgbà wo ni mo lè padà sí retinol lẹ́yìn HIFU?

Ẹ kú déédéé àsìkò yìí o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, mo nílò ìrànlọ́wọ́ ẹni tó bá ti ṣe HIFU sójú rí, pàápàá ẹni tó dúdú bíi tèmi.

Mo ti lé ní ọdún 50, àgbọ̀n mi sì ti ń rọ̀ wálẹ̀. Ẹ̀rọ HIFU máa ń fi ìró tí etí kò lè gbọ́ mú abẹ́ awọ gbóná, ó lè wọlé tó mìlímítà 4.5, kí kọ́lájìn tuntun, èròjà tó ń mú awọ le, lè hù níbẹ̀. Mo yàn án ju lésà tó ń lo ìmọ́lẹ̀ lọ torí pé ìró kò mọ awọ dúdú yàtọ̀ sí pupa. Àpá dúdú lójú ló ń bà mí lẹ́rù jù.

Ìpara ni ìṣòro mi. Fítámì C ni mo ń lò láàárọ̀ pẹ̀lú sunscreen, retinol, ìpara tó ní fítámì A, ni lálẹ́. Ẹni tó máa ṣe é fún mi ní kí n dá retinol dúró ṣáájú, kò sọ ìgbà tí mo lè padà sí i. Àbúrò mi ní kí n fi fítámì C pa ojú lójú ẹsẹ̀, pé ara á fà á mu dáadáa. Mi ò gbà. HIFU kì í dá awọ lu bí abẹ́rẹ́, ibo ni ìpara fẹ́ gbà wọlé? Awọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pọ́n, tó wú díẹ̀, ìpara ọlọ́rinrin lásán ló ń fẹ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é, báwo lẹ ṣe sinmi pẹ́ tó kẹ́ ẹ tó padà sí retinol? Ṣé ó ta yín? Kí lẹ fi ń pa ojú lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́? Ẹ bá mi sọ ohun tẹ́ ẹ rí lẹ́yìn oṣù 3 pẹ̀lú, torí kọ́lájìn kì í tètè hù.