Sáà kan tí Crystal Bird Fauset kò lò tán: kí ló fi ṣe?

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìtàn:
Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ojúgbà mi, mo kí yín. Ìwádìí tí mo ń ṣe lórí àwọn obìnrin adúláwọ̀ nínú òṣèlú Amẹ́ríkà ló gbé mi dé orí Crystal Bird Fauset, ẹni tí wọ́n dìbò yàn sí Ilé Aṣòfin ìpínlẹ̀ Pennsylvania lóṣù kọkànlá ọdún 1938. Ọdún 2 ni sáà wọn níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò lo sáà ẹyọ kan náà tán tó fi kọ̀wé fipò sílẹ̀. Ǹjẹ́ torí pé òun ló kọ́kọ́ débẹ̀ nìkan ni wọ́n ṣe ń bu ọlá fún un, àbí ó ṣe nǹkan gidi?

Ará Philadelphia:
Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ "ẹni àkọ́kọ́" yìí. Ní ọdún 1928, gómìnà West Virginia ti fi Minnie Buckingham Harper rọ́pò ọkọ rẹ̀ tó kú sórí àga aṣòfin, ṣùgbọ́n gómìnà ló yàn án, kì í ṣe ìbò. Fauset ni obìnrin adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tí àwọn ará ìlú fi ìbò gbé wọ ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ kankan, àwọn tó sì gbé e wọlé ni mo fẹ́ kí ẹ wò dáadáa: nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ará ẹkùn ìdìbò rẹ̀ ló jẹ́ aláwọ̀ funfun, lásìkò tí wọ́n ń fi ọgbọ́n àti agbára dínà ìbò mọ́ adúláwọ̀ ní gúúsù ilẹ̀ náà.

Pátákó ìrántí rẹ̀ wà ní òpópónà Vine níbí, lórí òpó irin, ó jẹ́ aláwọ̀ búlúù, lẹ́tà rẹ̀ sì ní àwọ̀ wúrà. Mo dúró kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, inú mi sì dùn pé mo dúró.

Agbẹjọ́rò Ìbàdàn:
Ó ṣiṣẹ́ o. Àbádòfin 9 àti àtúnṣe 3 ni ó gbé síwájú ilé, lórí ìlera, ilé gbígbé fún aláìní, ìrànwọ́ ìjọba àti ẹ̀tọ́ àwọn obìnrin lẹ́nu iṣẹ́. Síbẹ̀, n kò lè fara mọ́ bó ṣe lọ. Ẹni tí a bá fi ìbò rán níṣẹ́, ó yẹ kó jẹ́ ẹ dópin.

Olùkọ́ Àgbà:
Agbẹjọ́rò, mo gbọ́ yín, ṣùgbọ́n ẹ rántí ipò tó bá ara rẹ̀. Democrat ni, ìbò ọdún 1938 yẹn gan-an ló sì gbé ìjọba Pennsylvania padà fún ẹgbẹ́ Republican, láti orí gómìnà dé ilé aṣòfin. Ibi tó lọ kì í ṣe ibi ìsinmi rárá. WPA ni, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń fún aláìríṣẹ́ níṣẹ́ nígbà ọ̀dá owó, níbi tí òun fúnra rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ ní Philadelphia kó tó di aṣòfin. Wọ́n fi í ṣe igbákejì olùdarí ètò ẹ̀kọ́ àti eré ìdárayá rẹ̀ fún ìpínlẹ̀ Pennsylvania lápapọ̀. Lójú tèmi, obìnrin tó ti sọ̀rọ̀ níwájú àwùjọ tó lé ní 200 láàárín ọdún kan, ní 1927 sí 1928, lábẹ́ àjọ àwọn Quaker, ìyẹn ìjọ Kristẹni kan, kí adúláwọ̀ àti aláwọ̀ funfun lè gbọ́ ara wọn yé, ń wá ibi tí ọwọ́ rẹ̀ yóò ti tó iṣẹ́ ni. Ní ọdún 1944, ó fi ẹgbẹ́ Democrat náà sílẹ̀.